Ìwé ìpolówó fẹ́ lé wa jáde nílé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní ìlú ọba. Ìwé tí n kò béèrè ń ya wọlé wa ní Peckham bí eéṣú: ti píṣà, ti àwọn tó ń ta ilé, àti lẹ́tà ayálégbé tó ti kó lọ. Ìyá mi tó wá bá wa tọ́mọ kì í jẹ́ ká dà á nù. Wọ́n ní ìwé tó dán báyìí, a ó fi tẹ́ inú àpótí aṣọ!

Mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Mailing Preference Service, àwọn tó ń bá ni yọ orúkọ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ kò kan èyí tí wọ́n kọ "The Occupier" (ẹni tó ń gbé ilé) sí láìdárúkọ. Mo tún ní kí Royal Mail yé já èyí tí kò lórúkọ sílé wa. Ọdún 2 ni ìyẹn fi ń ṣiṣẹ́, kò sì dí àwọn tó ń fẹsẹ̀ pín tiwọn lọ́wọ́.

Ǹjẹ́ àkọlé "No Junk Mail" lára ilẹ̀kùn ń ran yín lọ́wọ́? Ẹni tó ti ní kí council yọ orúkọ òun kúrò nínú open register, ìyẹn àkójọ orúkọ olùdìbò tí ẹnikẹ́ni lè rà, ṣé ó dínkù? Èyí tó ká mi lára jù ni lẹ́tà ayálégbé yẹn, torí àwọn kan jọ ti agbowó-gbèsè. Tí mo bá kọ ọ́ sí i lára pé kò gbébí mọ́, tí mo dá a padà sínú àpótí lẹ́tà, ṣé wọ́n á jáwọ́?