Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún ọmọ mi nípa Tom àti Jerry yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Lánàá, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà lọ ko kàtúùnù Tom àti Jerry kan, Blue Cat Blues, tí ilé iṣẹ́ fíìmù MGM gbé jáde lọ́dún 1956. Kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Tom ló jókòó sójú irin rélùwéè, ó dorí kodò, Jerry wá ń ròyìn bí ìfẹ́ ṣe ba ayé Tom jẹ́. Tom ra òrùka fún olólùfẹ́ ẹ̀, àfi kéèyàn fi awò wá dáyámọ́ńdì orí ẹ̀. Butch, ológbò olówó tí wọ́n jọ ń du obìnrin náà, gbé tiẹ̀ dé, ìyẹn ń kọ mànà débi pé ìbòjú wẹ́dà ni wọ́n fi ń wò ó! Tom tiẹ̀ fi ara ẹ̀ sóko ẹrú ogún ọdún torí àlòkù mọ́tò. Kí n má purọ́, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Àfi ìgbà tí olólùfẹ́ Jerry náà bá ẹlòmíì lọ, tóun náà wá jókòó ti Tom. Fèrè ọkọ̀ ń dún bọ̀, ó parí.

Àtàárọ̀ lọmọ yìí ti ń bi mí: "Mọ́mì, ṣé ọkọ̀ yẹn gbá wọn?" Mo ní wọ́n ti dìde. Ó ní òun ò rí i kí wọ́n dìde.

Ẹ̀yin òbí, kí lẹ sọ fún tiyín? Mo ń rò ó pé kí n fi Tot Watchers ti 1958 hàn án, níbi táwọn méjèèjì ti jọ ń sáré tẹ̀ lé ọmọ jòjòló kiri. Ṣé ìyẹn á tó, àbí ó máa tún ìbéèrè míì bí ni?