Ọlọ́ba kì í ṣe "ohun ìmúnisìn"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa kọ "ohun ìmúnisìn" sábẹ́ gbogbo nǹkan ìgbà òyìnbó tí wọ́n bá pàtẹ sí mùsíọ̀mù, mo gbọ́ yín, àmọ́ mi ò lè fara mọ́ ọn. Ohun ìmúnisìn ni ohun tí wọ́n fi ń múni sìn. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sábẹ́ rìsíìtì owó orí, ó bá a mu, owó orí yẹn wà lára ohun tó dá Ogun Àdúbí sílẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́dún 1918, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Àdìrẹ Ọlọ́ba wá ńkọ́? Aṣọ tí wọ́n ya ọba George Karùn-ún àti ayaba Mary sí láàárín, nítorí jùbílì ọdún 25 tí ọba ṣe lórí ìtẹ́ lọ́dún 1935. Èyí tí màmá bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì wà nínú àpótí wa, káńfọ̀ ń rùn lára ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n máa ń dì mọ́ ìdí ti fẹ́ ya. Lóòótọ́ ọkọ̀ òyìnbó ló gbé aṣọ funfun yẹn dé, àmọ́ àwọn ará ibí ló gé páànù tí wọ́n fi tẹ bátànì ẹ̀, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, àwọn aláró wa ló rẹ ẹ́ sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bò ni aró ò mú dáadáa. Orúkọ ẹ̀ gan-an ẹ gbé e yẹ̀ wò, oní àti ọba ló di ọlọ́ba, aṣọ tó ní ọba lára. Ìyá tó fi ọba Lọ́ńdọ̀nù ró ìró lọ sọ́jà, ta ló fi aṣọ yẹn mú un sìn?

Tẹ́ ẹ bá ní ká kúkú kọ "ìṣẹ̀ǹbáyé" sábẹ́ ẹ̀, ìyẹn náà ò gbé e, torí ohun tó ti wà látìṣẹ̀ ni tèmi fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo dá lábàá ni "ohun ayé òyìnbó", bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn, "láyé òyìnbó". Ẹni tó ní ó dà bí ìgbà tá à ń yin àwọn òyìnbó, rárá o, ó kàn sọ ìgbà ni, ẹ jẹ́ kí ìlà tó tẹ̀ lé e sọ ohun tójú rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "owó àtijọ́" sábẹ́ ọ̀níní. Ọ̀níní ni kẹ́ ẹ kọ, mẹ́wàá ẹ̀ ló jẹ́ kọ́bọ̀ kan láyé òyìnbó, ìyẹn pẹ́nì kan, ó nihò láàárín tí wọ́n lè fi okùn sín in bí owó ẹyọ, ẹni tí ò fojú rí i rí ṣì ń sọ pé òun ò ní ọ̀níní lọ́wọ́.