Omi wọ inú àwo jáàsì àti blúùsì mi: báwo ni kí n ṣe tọ́jú wọn?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé ní Chicago, tí mo sì ń kó àwo jọ, láti orí ti Muddy Waters, olórin blúùsì, tí ilé iṣẹ́ Chess gbé jáde títí dé orí ti John Coltrane, afunfèrè jáàsì. Ní oṣù tó kọjá, omi òjò ya wọ yàrá abẹ́ ilé wa, ó sì rin bí ogójì nínú wọn. Páálí wọn ti bu, àwọn mìíràn sì ti lẹ̀ mọ́ra.

Èyí tó dùn mí jù ni àwo kan ti Buddy Guy, olórin blúùsì, tí mo fi tíkẹ́ẹ̀tì pamọ́ sí inú páálí rẹ̀, láti alẹ́ tí mo lọ wò ó ní Legends, ilé orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣí ní 1989. Ó sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó ń ta gìtá bọ̀ láàárín wa títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi (díẹ̀ ló kù kí n da ọtí mi nù). Yíǹkì tíkẹ́ẹ̀tì náà ti ṣàn débi pé n kò lè ka ọjọ́ tí a kọ sórí rẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé a kì í fi spírítì nu àwo shellac àtijọ́ (irú èyí tí wọ́n ń ṣe kí vinyl tó gbòde), nítorí pé yóò yọ́ ọ. Àwọn vinyl, ìyẹn àwo oníke, ni mo ń béèrè nípa wọn: ṣé omi mímọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tó, àbí kí n ra ẹ̀rọ tí ń fọ àwo? Báwo ni mo ṣe lè ṣí páálí tó ti lẹ̀ láì fà á ya? Ìyàwó mi ní kí n da gbogbo páálí náà nù. N kò tíì dá a lóhùn.