Òtútù ń mú ìyá mi nínú oòrùn

Ọmọ Alálùbọ́sà (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá mi ti pé ọdún 78. Tákíè ni wọ́n ti ń ta àlùbọ́sà kí orúnkún tó dá wọn jókòó sílé. Ọyẹ́ ti lọ, òtútù tiwọn ò lọ. Lánàá, nínú oòrùn ọ̀sán tí páànù ń dún pàkàpàkà, súwẹ́tà méjì ni mo bá lọ́rùn wọn, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi olóògbé. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, ó tutù bí ìdí àmù. Wọn ò sì gbọ̀n. Lóru, wọ́n gbé àdògán èédú wọ yàrá, wọ́n ti fèrèsé pa! Ṣé ogbó ni àbí àìsàn?

Nọ́ọ̀sì Àná (Ọ̀yọ́):
Ẹ gbé èédú yẹn síta kí ẹ tó ka èyí tó kù. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ tí kì í rùn ń pa èèyàn lójú oorun.

Ogbó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Awọ ti fẹ́lẹ́, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ti dín, iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í tètè sún kì mọ́ kí ooru má baà jáde. Gbígbọ̀n pàápàá máa ń dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ ra tẹmómítà. Tí ooru ara wọn bá wálẹ̀ ju 35°C lọ, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, ó di ọsibítù; ẹ má fi omi gbígbóná wẹ̀ wọ́n. Ẹ má sì dúró de 39 kí ẹ tó pè é ní ibà, 37.8 ti tó lára àgbà. Àrùn lè wà lára wọn kí ara tutù dípò kó gbóná. Kí wọ́n yẹ táírọ́ọ̀dù (ẹṣẹ́ kan ní ọrùn) àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Oògùn wo ni wọ́n ń lò?

Ọmọ Alálùbọ́sà:
Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, màmá. Atenolol.

Nọ́ọ̀sì Àná:
Ó lè mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, lílù ọkàn lè dàrú. Ẹ mú páálí rẹ̀ lọ bá dókítà.

Àkànbí Sábó:
Súwẹ́tà méjì yẹn ni kí ẹ ṣọ́. Bàbá mi fi agbádá àti fìlà jókòó nínú ooru oṣù kẹta, òùngbẹ ò gbẹ wọ́n, òógùn ò jáde. Ìgbà tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn pè mí ni ojú wa là pé ooru ti mú wọn jù.

Ọmọ Alálùbọ́sà:
Tẹmómítà ní 36.1. Àdògán ti wà níta. Wọ́n ń bínú, wọ́n ní mo fẹ́ kí òtútù pa àwọn kí n lè jogún ilé.