Ilé Feathers ti Ludlow kì í ṣe "ilé pákó"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún "timber-framed house", ilé tí férémù igi gbé ró, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé "ilé pákó" ni ká máa pe irú ilé bẹ́ẹ̀, bí hòtẹ́ẹ̀lì Feathers ní ìlú Ludlow, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ta ló máa gbọ́ "ilé pákó" tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí Makoko?

Agbẹjọ́rò kan, Rees Jones, ló kọ́ Feathers lọ́dún 1619. Ní nǹkan bí ọdún 1670 ló di ilé èrò (mo fẹ́ràn "ilé èrò" ju "ilé ìtura" lọ fún ibùwọ̀ ayé ẹlẹ́ṣin). Ìyẹ́ ògòǹgò, àmì Prince of Wales, tí wọ́n gbẹ́ sára igi rẹ̀ ló fún un lórúkọ.

Ẹ wo ojú ilé náà: igi dúdú, òmíràn dúró, òmíràn dábùú, àlàfo funfun láàárín wọn. Igi yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, òun ló ru àjà àti òrùlé. Káfíńtà ìgbà náà á gbẹ́ ihò sára òpó, á gbẹ́ orí igi tó dábùú kó lè wọ ihò náà, á wá fi èèkàn igi kàn án pa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń dí àlàfo: wọ́n á hun ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí agbọ̀n, wọ́n á rẹ́ amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko lé e. Bí amọ̀ náà bá ṣí dànù, ilé á ṣì dúró. Ilé alámọ̀ tiwa ńkọ́? Ògiri ló ru òrùlé níbẹ̀. Bí ògiri bá wó, òrùlé bá a lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni orúkọ tí a bá dá gbọ́dọ̀ gbé jáde.

Ẹlòmíràn ní "ilé eegun igi". Ó sún mọ́ ọn gan-an, àmọ́ bí ẹnìkan bá gbàgbé àmì ohùn, eégún ni òǹkàwé á rí. Èmi dábàá "igi agbéléró", igi tó gbé ilé ró. "Ilé onígi agbéléró" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí igi ń ṣe wà nínú rẹ̀. Ẹ má ka bákónì iwájú mọ́ ọn o, ẹ̀yìn ọdún 1800 ni wọ́n fi ìyẹn kún un.

Ó wá ku àjà òkè tó yọ síta kọjá ìsàlẹ̀. "Àjà àyọsíta" ni mo ń pè é. Ẹ̀yin káfíńtà àti bíríkìlà àárín wa, kí lẹ ń pè é níbi iṣẹ́?