Egungun párì bàbá: ṣé kí wọ́n fá a ni àbí kí wọ́n gé e kúrò?

Ọmọ Ìpẹru: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá mi ní jẹjẹrẹ ní erìgì ìsàlẹ̀. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí àwọn fá òkè egungun párì nìkan, ó sì lè jẹ́ pé odidi ègé kan ni àwọn máa gé kúrò, kí àwọn wá fi egungun ẹsẹ̀ dí i. Egungun ẹsẹ̀ kẹ̀! Bàbá ti pé 71, kò séyín kankan nísàlẹ̀ ẹnu wọn mọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní fífá ni ká mú, pé ìyẹn ló kéré. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún bàbá lálàáfíà. Ẹ má tẹ̀lé "ó kéré" yẹn o. Jẹjẹrẹ tó kàn fara ti egungun, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ojú rẹ̀, ni wọ́n ń fá fún, wọ́n á fi etí ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí párì má bàa já sí méjì. Tó bá ti wọnú mùdùnmúdùn, gígé ló kù. Eyín tí kò sí yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí téyín bá ti kúrò tipẹ́ egungun ibẹ̀ máa ń joro, tí wọ́n bá tún wá fá a, ó lè kán níbi tí bàbá ti ń jẹun jẹ́jẹ́. Ó kéré tán, wọ́n máa ń fẹ́ kó ku bíi sẹ̀ntímítà 1. Ẹ bi wọ́n mélòó ló máa kù, kí wọ́n fi hàn yín lórí CT scan, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà. Ṣé ètè ìsàlẹ̀ bàbá ò kú tipiri?

Àdùkẹ́ Òde: Ti egungun ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Àárọ̀ ni wọ́n wọlé, ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó jáde, torí wọ́n ní láti so iṣan ẹ̀jẹ̀ egungun náà mọ́ ti ọrùn. Ẹsẹ̀ ò dààmú wọn, egungun tín-ín-rín tẹ̀gbẹ́ ojúgun ni wọ́n mú, wọ́n sì lọ Ojúde Ọba lẹ́yìn náà, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́. Oúnjẹ ni wàhálà. Rọ́bà imú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fún wọn lóúnjẹ, ó kan ògì, ìkọ́kọrẹ́ tí mo rò kúnná ló wá gbà wọ́n. Títí dòní wọ́n máa ń di áńkáṣíìfù mú torí itọ́ máa ń dà létí ẹnu tí wọn ò ní mọ̀.

Bọ̀dá Rẹ́mọ: Wọn ò lè fi irin nìkan dí i ni? Owó ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Wọ́n lè ṣe é, pàápàá tára ò bá lè gba iṣẹ́ abẹ tó pẹ́, tó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Tó bá jẹ́ iwájú àgbọ̀n, rárá o. Tí wọ́n bá tún lo radiotherapy, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, lẹ́yìn rẹ̀, irin lè lu awọ jáde. Tó bá jẹ́ egungun ẹsẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wò, ẹ má fi ìtọ̀ ṣúgà tàbí sìgá pamọ́ fún wọn.

Ọmọ Ìpẹru: Ẹ ṣé gan-an. Ó ti tó oṣù kan tí bàbá ti ń sọ pé ètè ọ̀hún kú.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Háà. Ẹ pe dókítà láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ètè bá ti kú báyìí, jẹjẹrẹ náà lè ti wọnú egungun.