Fíìmù Dókítà Moreau ti 1996: ibi tó ti yà kúrò lọ́nà

Ẹ̀yin tí ẹ ń di gbogbo ẹ̀bi bí fíìmù yìí ṣe bàjẹ́ ru Marlon Brando, tó ṣe Moreau nínú rẹ̀, ẹ rọra. Lóòótọ́ ló kun ìpara funfun síra, tó sì de garawa yìnyín mọ́rí bíi fìlà. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ti pàdánù egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kí Brando tó yọjú.

Ẹ ṣí orí kẹjọ ìwé H. G. Wells tó jáde ní 1896, èyí tí wọ́n ti mú fíìmù náà jáde. Púmà, ẹranko tó jọ ẹkùn, wà lábẹ́ ọ̀bẹ Moreau, dókítà tó ń fi ẹranko dánwò ní erékùṣù kan; Prendick, àlejò rẹ̀ tó ń sọ ìtàn náà, sì wà ní yàrá kejì. Igbe ẹranko náà ò dáwọ́ dúró. Prendick fi ìka di etí, kò ràn án, ló bá sá bọ́ sínú igbó. Orí kẹrìnlá la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ àlàyé: Moreau ń gé, ó ń rán, ó ń bu ẹran ibì kan lẹ̀ mọ́ ibòmíràn, títí ẹranko á fi jọ ènìyàn. Ẹranko tó bá rú Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ fún wọn, Ilé Ìrora, ibi tí Moreau ti ń gé wọn, ló ń padà sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka Òfin lórin nínú òkùnkùn: má fi ọwọ́ àtẹsẹ̀ rìn, má fẹnu lá omi, má jẹ ẹran, má họ èèpo igi, má lé ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ.

Fíìmù 1996 gbé ọ̀bẹ sọnù. Jíìnì ènìyàn ni wọ́n ń fi sínú ẹranko, wọ́n á wá ri ẹ̀rọ kékeré mọ́ wọn lára. Moreau á tẹ bọ́tìnnì, ara á ro wọ́n, ó tán. Òfin náà wá dà bí ohun tí ọmọ iléèwé há sórí.

*

Ẹ wo ẹjọ́ Ọkùnrin Àmọ̀tẹ́kùn, ọ̀kan lára àwọn ẹranko náà, ní orí kẹrìndínlógún ìwé. Ó pa ehoro, gbogbo erékùṣù lé e. Prendick ló bá a níbi tó ká jọ sí nínú igbó, ojú rẹ̀ ń kọ mànà, ìbẹ̀rù ènìyàn gidi wà lójú yẹn. Ó yìnbọn fún un láàárín ojú méjèèjì, kí Moreau má baà tún gbé e padà sábẹ́ ọ̀bẹ. Àánú ni ìbọn yẹn.

Nínú fíìmù, Moreau fẹ́ dárí ji ẹlẹ́ṣẹ̀ náà ni, Azazello, ọ̀kan lára àwọn ẹranko Moreau, ló ṣàdédé yìnbọn pa á. A ò rí àánú, a ò rí ìdájọ́. Ohun kan dára níbẹ̀: Ìkookò, ẹranko mìíràn, rí ẹ̀rọ náà nínú eérú òkú, ó sì fa tirẹ̀ yọ. Èmi gbà pé ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Ó ṣeni láàánú pé ìbọn àti iná ló tẹ̀ lé e. Nínú ìwé, oṣù bíi mẹ́wàá ni Prendick fi ń wò wọ́n: ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn wọn ń tẹ̀, ọwọ́ ń padà di ẹsẹ̀.

*

Ìdàrúdàpọ̀ ibi iṣẹ́ náà kún un o. Richard Stanley, olùdarí àkọ́kọ́, fi ọdún mélòó kan múra iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan nídìí kámẹ́rà ní àríwá Queensland, Ọsirélíà, tí wọ́n fi yọ ọ́. John Frankenheimer gbà á. Rob Morrow fi ipò olú òṣèré sílẹ̀, David Thewlis bọ́ sí i. Ìwé eré ń yí padà bí ọjọ́ ṣe ń yí. Ìbòjú tí àwọn Stan Winston ṣe nìkan ni kò yẹsẹ̀: ẹ dá àwòrán dúró, ẹ wo bí ojú òṣèré ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú awọ ẹranko.

Kì í ṣe yíyí ìtàn padà ni ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Fíìmù 1932, tí Charles Laughton ṣe Moreau, fi obìnrin ẹkùn kún un, ó sì yí ikú Moreau padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò jẹ́ kí wọ́n fi hàn títí di 1958. Ṣùgbọ́n Ilé Ìrora wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹranko dìde, ibẹ̀ ni wọ́n wọ́ Moreau lọ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì tirẹ̀, wọ́n fọ́ gíláàsì, wọ́n sì kó àwọn ọ̀bẹ náà jáde.